Ohùn Ìyá Kéú Tí Wọ́n Fi Polówó Tẹ́tẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì máa ṣépè fún Sodiqat. Ẹ jẹ́ n rò ó tán ná. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tì mí, tó sọ ọ́ látòkè délẹ̀, tó sì ní n ò gbọdọ̀ bo òun láṣìírí. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní àṣírí wo ló tún kù tí ẹnikẹ́ni fẹ́ bò.

Olùkọ́ ni Sodiqat ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbí ní Ìwó. Ìmọ̀ èdè ni iṣẹ́ rẹ̀, bí ohùn ṣe ń ròkè tó sì ń rọlẹ̀ nínú Yorùbá. Ìyá tó bí i lọ́mọ kú nígbà tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Àlájà Mọ́nsúrátù, ló gbé e sẹ́yìn, tó ń ta àlùbọ́sà títí tí ọmọ fi kàwé di dókítà.

Gbogbo àdúgbò ń pe Àlájà yìí ní Ìyá Kéú, nítorí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Àlùkùránì. Ìyá náà sì ní ohùn. Bó bá jáde ní Rámáláànì láti jí àwọn obìnrin fún sààrì, wàá ti dìde jókòó kóo tó rántí pé oorun ń kùn ọ́. Kì í pariwo. Ó kàn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwọ nìkan ló ń bá wí ni.

Ohùn yẹn ló kó wọn sí wàhálà.

Àjọ kan láti òkè òkun fún Sodiqat àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lówó ìwádìí. Wọ́n fẹ́ ṣe ìlà tẹlifóònù kan tí àwọn aláboyún àtàwọn abiyamọ abúlé lè pè, bíi ti Kuta àti Olúpọ̀nnà, tí wọ́n á bèèrè ọ̀rọ̀ nípa ibà ọmọ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ẹ̀rọ á sì dá wọn lóhùn ní Yorùbá tó yé wọn. Àwọn olùkọ́ ló ni ìmọ̀ èdè. Àwọn énjíníà tó ń kọ iṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ló ni ẹ̀rọ. Ọ̀gá àwọn énjíníà náà ni Ọlánípẹ̀kun, ọmọkùnrin Òṣogbo kan tí kì í rìn láìgbé kọ̀ǹpútà kọ́ apá.

"Dókítà, ohùn tí wọ́n máa gbà gbọ́ ni kẹ́ ẹ bá wa wá o," ló sọ fún Sodiqat. "Àwọn oníròyìn orí rédíò yẹn ò lè ṣe é. Ohùn tó dà bíi ti ìyá ẹni ni mo fẹ́."

Sodiqat ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló tún ní ìyá?

Yàrá kan ni wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì fóòmù ti ara ògiri kí ohùn má baà máa ta padà, wọ́n sì pa fáànù, nítorí pé ariwo rẹ̀ á ba iṣẹ́ jẹ́. Ooru mú bí ẹni wà nínú ààrò. Sodiqat á sọ gbólóhùn kan, Ìyá á sọ ọ́ tẹ̀lé e. Gbólóhùn náà pọ̀ lọ jàra, àwọn mìíràn ò sì ní orí, wọn ò ní ìdí, nítorí pé gbogbo ìró tó wà lẹ́nu Yorùbá ni ẹ̀rọ fẹ́ gbọ́.

"Ewúrẹ́ Dàda jẹ aṣọ àna rẹ̀," ni Sodiqat wí.

"Ewúrẹ́ Dàda jẹ aṣọ àna rẹ̀," ni Ìyá náà wí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Àgbékẹ́, èwo ló kan aláboyún nínú èyí?"

Àgbékẹ́ ni oríkì Sodiqat. Bí Ìyá bá ti pè é bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ dùn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣe é lọ, Ìyá nu òógùn ojú rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ kékeré tó wà níwájú rẹ̀. "Àgbékẹ́, ohun tí mo bá fẹnu mi sọ yìí náà nìkan ni yóò máa sọ, àbí?"

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Èsì òtítọ́ sí ìbéèrè yẹn ni "Rárá." Bí ẹ̀rọ náà bá ti mọ ohùn Ìyá tán, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ sínú rẹ̀ ni yóò máa fi ohùn Ìyá sọ, Ìyá ì báà wà lórí oorun. Òfin iṣẹ́ ìwádìí sì ni pé kí wọ́n la ọ̀rọ̀ náà yé ẹni tó yá wọn ní ohùn. Sodiqat mọ òfin yìí. Ó máa ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ooru mú, àwọn mìíràn ń dúró dé yàrá náà, àlàyé yẹn yóò sì gùn. Ìyá á bi í pé báwo ló ṣe jẹ́, ta ló kọ́ ẹ̀rọ, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ànjọ̀nú ni. Bí Ìyá bá wá kọ̀ ńkọ́?

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá," ló dáhùn. "Ohun tẹ́ ẹ bá sọ náà ni."

"Kò ní máa pe ènìyàn sí ohun tí Ọlọ́run kọ̀?"

"Ìyá! Ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni?"

"Mo mọ̀ ọ́," ni Ìyá wí. "Bí n ò bá mọ̀ ọ́, kí ni mo wá ṣe nínú ooru yìí?" Ó gba omi mu, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ìlà náà dáa, n ò ní purọ́. Zakiyyah, nọ́ọ̀sì tó wà ní Kuta, ní àwọn abiyamọ tí òun ti máa ń fi ẹ̀bẹ̀ wá kiri tẹ́lẹ̀ ti ń fẹsẹ̀ ara wọn gbé ọmọ wá gbabẹ́rẹ́. Ó ní wọ́n ń sọ pé, "Ìyá orí fóònù ló ní ká wá." Obìnrin kan ní Olúpọ̀nnà sọ ọmọ rẹ̀ ní Mọ́nsúrátù. Nígbà tí Ìyá gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi ọṣẹ àti ìborùn ránṣẹ́ sí ọmọ tí kò rí rí.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni owó ìwádìí tán. Àwọn ará òkè òkun dúpẹ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹ̀rọ náà sì ń gbé orí kọ̀ǹpútà àyálò kan tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Bí owó ò bá wọlé, ìlà á kú.

Bí ìlà bá kú, iṣẹ́ ìwádìí Sodiqat kú nìyẹn, nítorí pé àbájáde rẹ̀ kò tíì pé. Iṣẹ́ yìí ló fẹ́ fi gba ìgbéga. Ó ti pẹ́ lójú kan. Àwọn tó kọ́ níwèé ti ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n wá ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹgbẹ́. Ẹni tírú ẹ̀ ò tíì ṣe rí ò lè mọ bó ṣe ń ta ni lára.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọlánípẹ̀kun wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mà, mo ti rí ẹni tó máa gbé wa."

"Ta ni?"

"Iléeṣẹ́ kan ni. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti eré ìdárayá ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n pe ìlà wa, wọ́n gbọ́ ohùn ìyá yín, wọ́n ní ohùn táwọn ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ìpolówó ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n máa sanwó kọ̀ǹpútà wa fún ọdún kan gbáko."

"Ìyá ò ní gbà láti polówó nǹkan."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dà wọ́n láàmú?" Ọlánípẹ̀kun fa àga jókòó. "Wọn ò ní sọ nǹkan kan, mà. Ẹ̀rọ ló máa sọ ọ́. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi kì í ṣe ìyá yín mọ́, nọ́ńbà lásán ni. Màá sì yí ohùn náà díẹ̀, màá dín in lọ́jọ́ orí. Ẹ̀yin gan-an ò ní mọ̀ ọ́n."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iléeṣẹ́ bọ́ọ̀lù wo ló ń wá ohùn arúgbó kiri? Ṣé wọ́n fẹ́ kí Ìyá Kéú wá ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún wọn ni? Sodiqat kì í ṣe òmùgọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó bèèrè, ó sì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

Ohun tó bèèrè ni pé, "Ọdún kan péré, àbí?"

"Ọdún kan péré, mà."

Ó fọwọ́ sí i.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó ra adìyẹ méjì àti àpò ìrẹsì lọ fún Ìyá. Ìyá wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Àgbékẹ́, kí lo ṣe mí?" Eré ló ń ṣe. Sodiqat rẹ́rìn-ín, ó ń já ẹrù sílẹ̀ lọ.

Ọjà Odò-Ọ̀rì ni Sodiqat ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nínú mọ́tò rẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni, ọkọ̀ ò lọ, kò bọ̀. Kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n de gbohùngbohùn mọ́ lórí ń rọra bọ̀ láàárín èrò. Ohùn tó ń jáde níbẹ̀ kò yí padà rárá, kò sì kéré lọ́jọ́ orí.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjà o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí àìrí. Ẹ má jẹ́ kí oríire kọjá yín. Ẹ wá ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù yín lọ́dọ̀ wa, kí díẹ̀ di púpọ̀. Ìyá yín ló ní kẹ́ ẹ wá o."

Ọlọ́kadà kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò Sodiqat pàtẹ́wọ́. "Háà! Ìyá Kéú náà ti gbà á! Èmi wá ta ni tí n ò ní ta?" Àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín.

Sodiqat yí gíláàsì mọ́tò sókè, ó pe Ọlánípẹ̀kun. "O ní o máa yí i!"

"Mo yí i, mà. Wọ́n ní rárá, bó ṣe wà gan-an làwọn fẹ́ ẹ."

"Dá a dúró. Lónìí yìí."

"Ẹ ti fọwọ́ sí i, mà. Bá a bá dá a dúró, ìlà àwọn aláboyún á kú. Iṣẹ́ tiyín náà..." Kò parí rẹ̀. Kò sídìí kó parí rẹ̀.

Sodiqat wo kẹ̀kẹ́ náà títí ó fi kọjá. Ó wá ní, "Ó dáa. Jẹ́ n ronú sí i." Ó sì gba ilé lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló dúró sí, n kì bá tí kọ ìtàn yìí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà àsàláátù, Ìyá ní kí Sodiqat sin òun lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó ní àwọn obìnrin ránṣẹ́ sí òun pé àwọn fẹ́ rí òun, òun ò sì mọ ohun tó fà á. Sodiqat mọ̀ ọ́n. Ó wakọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Ìyá Àdínnì, olórí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí náà, kò fi àkókò ṣòfò. Ó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà jáde: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjà o..."

Ìyá Kéú gbọ́ ọ tán. Ojú rẹ̀ rí bíi tẹni tó bá àlejò nínú yàrá rẹ̀. "Ohùn mi ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n n ò sọ ọ́."

"Àlájà, ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?" ni Ìyá Àdínnì ní. "Ṣé ohùn ènìyàn máa ń jáde nílé lọ ṣiṣẹ́ ni?"

"N ò mọ bó ṣe jẹ́. N ò sọ ọ́. Háráámù ni tẹ́tẹ́. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ yín, èmi ni màá pè wọ́n lọ ta tẹ́tẹ́?"

"Ohun táwa náà ń bèèrè nìyẹn."

Ìyá ní kí wọ́n gbé Àlùkùránì fún òun. Ó ṣàlùwàlá, ó gbé ọwọ́ lé e, ó búra. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Sodiqat, ara rẹ̀ sì balẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé ẹlẹ́rìí òun wà nítòsí.

"Àgbékẹ́, ìwọ lo mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Bá mi sọ fún wọn pé n ò sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí sínú rẹ̀ rí."

Gbogbo ojú wò ó. Gbólóhùn kan ló kù. "Èmi ni mo ṣe é." Kò gùn, kò sì le láti pè. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìgbéga á jókòó lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀kan lára àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn.

Sodiqat tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ìyá ò sọ irú ẹ̀ níwájú mi o. Ó lè jẹ́ ẹni tí ohùn wọn jọra ni."

"Ẹni tí ohùn wọn jọra!" ni obìnrin kan kígbe lẹ́yìn. "Ìyá fúnra wọn ti ní ohùn àwọn ni! Ta wá ni ká gbà gbọ́?"

Òmíràn ní, "Wọ́n ti fi Àlùkùránì búra èké. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti tẹ́tẹ́."

Wọ́n ní kí Ìyá sinmi wàásí tó ń ṣe fún àwọn obìnrin ná. Nínú mọ́tò, nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Ìyá fi ọwọ́ bà á léjìká, ó ní, "O ṣeun tóo gbìyànjú." Sodiqat sọ fún mi pé ká ní Ìyá gbá òun létí ni, ì bá sàn.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn òbí ń yọ ọmọ wọn kúrò ní ilé kéú, ẹní ń ṣófo. Ismaeel, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Òṣogbo, wakọ̀ wá, kò sì jókòó.

"Ìyá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ni wọ́n fún yín?"

"Ta ni?"

"Àwọn onítẹ́tẹ́! Ní ibi iṣẹ́ mi, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá jẹ́ nǹkan lẹ fẹ́, ṣé ẹ ò lè bi mí ni?"

Ìyá wò ó. Ọmọ tó fi ọmú bọ́ kò gbà á gbọ́.

Ní Kuta ńkọ́? Zakiyyah pe Sodiqat, ó ní àwọn abiyamọ ò wá mọ́. Wọ́n ní ìyá tó fẹ́ kó àwọn ọkọ àwọn sí tẹ́tẹ́ kọ́ ni yóò ní káwọn wá gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ìlà tí Sodiqat ta Ìyá rẹ̀ nítorí kó má baà kú, ó wà láàyè, kò kàn sẹ́ni tó ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, Sodiqat bá Ìyá lórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ní kó súnmọ́ òun. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àgbékẹ́, má purọ́ fún mi. Ṣé arán ti ń ṣe mí ni? Ṣé mo lọ síbì kan, mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn, mo wá gbàgbé? Mo ń rò ó, mo ń rò ó. Ohùn mi ni. Mo mọ ohùn mi."

Sodiqat di ọwọ́ Ìyá mú. "Ẹ máa sinmi, Ìyá," ló sọ. "Ọkàn yín ló dàrú díẹ̀."

Ẹ wò ó bí, ó jí ohùn ìyá gbé, ó tún fẹ́ jẹ́ kó rò pé orí òun ló ti yí. Inú bí mi níbi tó ti ń sọ ọ́ fún mi, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò bínú sí mi.

Ilé-ẹ̀kọ́ wá ṣe ọjọ́ ńlá kan tí àwọn olùwádìí àtàwọn énjíníà á fi iṣẹ́ wọn han àlejò. Iṣẹ́ Sodiqat ló wà níwájú. Àwọn ọ̀gá ní àfi kí ìyá tó ni ohùn náà wá, kí wọ́n bu ọlá fún un. Sodiqat wá àwáwí títí, wọn ò gbà. Ìyá fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ. Ó ní bóyá bí Ìyá Àdínnì bá bá òun lọ, tó rí irú iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, ojú rẹ̀ á là. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jókòó ní ìlà iwájú, Ismaeel wà lẹ́yìn wọn.

Sodiqat sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọlánípẹ̀kun tẹ ẹ̀rọ náà, ohùn Ìyá sì sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ìyá mi orí, ó rọra sọ fún Ìyá Àdínnì pé, "Èyí ni mo sọ. Mo rántí èyí."

Àlejò kan láti Èkó wá dìde. "Iṣẹ́ ribiribi ni. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé àwọn ọ̀rọ̀ tí Ìyá sọ sílẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ yìí lè sọ, àbí ó lè sọ ohun tí wọn ò sọ rí?"

Sodiqat na ọwọ́ sí gbohùngbohùn kíákíá. "Ẹ ṣeun, sà, àkókò ti..."

Ṣùgbọ́n ojú Ọlánípẹ̀kun ti tàn. Béèyàn bá fẹ́ mú énjíníà, kó sáà bi í bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ lè ṣe é. "Ohunkóhun ló lè sọ, sà! Ẹ mú ọ̀rọ̀ wá."

Àlejò náà rẹ́rìn-ín. "Kó ní kí n fẹ́ òun."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọlánípẹ̀kun tẹ lẹ́tà díẹ̀. Ohùn Ìyá Kéú sì jáde, ó mọ́ gaara, ó dùn, ó sún mọ́ ni: "Ẹ̀yin àlejò wa láti Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fẹ́ mi. Mo ti ń retí yín."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn dìde dúró.

Ìyá náà dìde. Ó pẹ́ kí ariwo tó rọlẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn rò pé ó fẹ́ dá àpárá ni. Kò wo Ọlánípẹ̀kun, kò wo àlejò. Sodiqat ló ń wò.

"Dókítà," ló pè é. Láti ìgbà tó ti tọ́ ọ, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Mo bi ọ́. Nínú ooru yẹn, mo bi ọ́ léèrè. Kí lo sọ fún mi?"

Sodiqat gbé gbohùngbohùn sílẹ̀.

"Mo fi Àlùkùránì búra níwájú rẹ. O sì ń wò mí."

Ìyá Àdínnì ti bo ẹnu. Ismaeel yí sí Ọlánípẹ̀kun. "Ta ló fún àwọn onítẹ́tẹ́ ní ohùn ìyá mi?"

Ọlánípẹ̀kun wo ilẹ̀. "Dókítà fọwọ́ sí i, sà," ló wí.

Àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ìgbéga lọ, iṣẹ́ ìwádìí lọ, wọ́n ti ìlà pa. Sodiqat lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo àwọn obìnrin. Wọ́n gbọ́ ọ. Ìyá Àdínnì lọ bẹ Ìyá Kéú nílé, Ismaeel dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Nígbà tí Ìyá pe obìnrin kan lórí fóònù pé kó dá ọmọ rẹ̀ padà sí ilé kéú, ohun tí obìnrin náà kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé ẹ̀yin gan-an ni, àbí ẹ̀rọ?" Ìyá pa fóònù, kò sì pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ní Rámáláànì tó tẹ̀lé e, ẹlòmíràn ló jí àwọn obìnrin.

Kì í bá Sodiqat jà. Bí Sodiqat bá wá, ó máa ń jẹ́ kó wọlé, ó máa ń jẹ́ kó kúnlẹ̀ kí i, á dá a lóhùn pé "Kú àbọ̀," á sì máa bá ohun tó ń ṣe lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọlánípẹ̀kun tó ti ríṣẹ́ sí Èkó máa ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á ní ọkàn òun ò balẹ̀, á ní kí Sodiqat jẹ́ kí òun wá nǹkan ṣe sí i. Sodiqat á ní kò sí ohun tó lè ṣe.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, iṣẹ́ kan tí wọ́n fi ohùn rán wọ orí fóònù Sodiqat. Kò mọ nọ́ńbà náà, ṣùgbọ́n Ìyá ò ní fóònù ńlá, tàwọn aládùúgbò ló máa ń yá lò. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Àgbékẹ́, ọmọ mi. Mo ti dárí jì ọ́. Kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe. Má sunkún mọ́. Wá ká jọ jẹun."

Sodiqat ò ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ẹkún ló ń sun bó ṣe ń wakọ̀, ẹ̀rín ló ń rín. Ó bá Ìyá níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó wólẹ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún mi. Mo gbọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán."

"Iṣẹ́ wo?" ni Ìyá bèèrè.

Ọwọ́ Sodiqat dúró níbi tó ti dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọlánípẹ̀kun nìkan ló ṣì ní ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́.

"Gbé e jáde kí n gbọ́," ni Ìyá wí.

Sodiqat ní rárá, kó jọ̀ọ́. Ìyá ní kó gbé e jáde. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kó tún un gbé. Ó tún gbọ́ ọ, ó tẹ́tí gan-an, bó ṣe máa ń tẹ́tí sí ọmọ tó ń ké Àlùkùránì fún un.

"Ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ," ló wí. "Ó tiẹ̀ ti dárí jì ọ́. Èmi, mi ò tíì rí i ṣe."

Ó fa igbá ẹ̀wà rẹ̀ mọ́ra.

"Máa lọ bá a. Òun ni kóo máa pè ní ìyá."